Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Oṣù: Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Wá Pílánẹ́ẹ̀tì Lọ́dọ̀ Ìràwọ̀ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dáyé

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú sánmà láàárín oṣù Kẹta ọdún, ẹ jáde síta ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, níbi tí iná mànàmáná kò ti pọ̀, kí ẹ sì kọjú sí gúúsù. Ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tó mọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tó yí i ká. Canopus ni wọ́n ń pè é. Ẹ na apá yín síwájú tán, kí ẹ fi ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìràwọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Beta Pictoris nìyẹn.

Ojú lásán kò lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n pílánẹ́ẹ̀tì ràbàtà méjì ló ń yí ìràwọ̀ kékeré yẹn ká, àwọn onímọ̀ sánmà sì ti rí ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà tó bá wọ ojú yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 63 sẹ́yìn, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kò tíì pẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ó fi ọdún ìmọ́lẹ̀ 63 jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ló mọ́lẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ ló sọ ọ́ di àyànfẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni.

Ìdí tí ìgbà èwe fi ṣe pàtàkì

Oòrùn wa ti lo nǹkan bí bílíọ̀nù 4.6 ọdún. Beta Pictoris kò tíì lò ju mílíọ̀nù ogún ọdún àti díẹ̀ lọ. Lójú ọmọ aráyé, mílíọ̀nù ogún ọdún kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ orí èèyàn wọ̀n ọ́n. Bí Oòrùn bá jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, Beta Pictoris kò tíì pé oṣù mẹ́rin. PDS 70, ìràwọ̀ mìíràn tí a máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, kò tíì pé oṣù kan. HL Tauri, tí kò tíì tó mílíọ̀nù ọdún kan, jẹ́ ìkókó tí ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ kò tíì pé, tí wọn ò tíì sọ lórúkọ.

Láti ọdún 1995 tí Michel Mayor àti Didier Queloz ti kéde pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ń yí ìràwọ̀ tó jọ Oòrùn ká, iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 2019, iye pílánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀rí fìdí wọn múlẹ̀ lẹ́yìn ìdílé Oòrùn ti lé ní 6,000. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ló wà lọ́dọ̀ ìràwọ̀ tó ti dàgbà. A bá wọn nígbà tí ohun gbogbo ti rọlẹ̀, tí oníkálukú ti wà ní àyè rẹ̀. A rí bí wọ́n ṣe rí, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láàárín mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń pinnu púpọ̀ nínú ohun tí pílánẹ́ẹ̀tì yóò jẹ́: bóyá yóò ní omi, bóyá afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò dúró, bóyá yóò máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ rẹ̀ tàbí yóò ṣí lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ayé tiwa náà la irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kọjá, àmọ́ ó ti pa ìwé ìrántí ìgbà náà rẹ́. Ilẹ̀ ń yọ́, òkè ń wó, òkun ń gbé ilẹ̀ mì. Àwọn òkúta tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbà ìkókó ayé ṣe rí kò lè bi ayé léèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bí lọ́wọ́ níbòmíràn ló gbọ́dọ̀ lọ.

Ìràn Beta Pictoris

Lọ́dún 1983, IRAS, awò awọ̀nàjíjìn tí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Netherlands jọ rán lọ sí òfuurufú, ṣàkíyèsí pé ooru tó ń wá láti ọ̀dọ̀ Beta Pictoris pọ̀ ju ohun tí ìràwọ̀ nìkan lè mú wá lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bradford Smith àti Richard Terrile dojú awò awọ̀nàjíjìn Las Campanas ní Chile kọ ọ́. Wọ́n fi ìbòjú kékeré kan dí ojú ìràwọ̀ náà kí ìtànṣán rẹ̀ má baà bo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó hàn lẹ́yìn náà ni àwo eruku fífẹ̀ kan, tí a ń fi ẹ̀gbẹ́ wò, tó nà jáde lọ́tùn-ún lósì ìràwọ̀ náà. Ìyẹn ni àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yà nípa irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn. Eruku ni ohun èlò tí pílánẹ́ẹ̀tì fi ń di odidi. Bí eruku bá wà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ogún ọdún kọjá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2003, awò awọ̀nàjíjìn ńlá ti ilẹ̀ Yúróòpù tó wà lórí òkè Paranal ní Chile, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 8.2, ya àwòrán Beta Pictoris. Nígbà tí Anne-Marie Lagrange, onímọ̀ sánmà ọmọ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún àwòrán náà yẹ̀ wò fínnífínní, tí wọ́n yọ ìtànṣán ìràwọ̀ kúrò, wọ́n rí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan nínú àwo eruku náà. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 2008, àmọ́ wọn kò sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì ni láìsí àní-àní.

Ìdí tí wọn kò fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn baba wa ń wo àgùàlà tó ń bá oṣù rìn, wọ́n sì kìlọ̀ fún ẹni tó bá rò pé ajá oṣù ni: àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ohun méjì lè wà lójú kan náà ní sánmà kí ọ̀kan má mọ èkejì rí. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí Lagrange rí lè jẹ́ ìràwọ̀ mìíràn tó wà lẹ́yìn lọ́nà jíjìn réré, tó kàn bọ́ sí ojú ìlà kan náà pẹ̀lú Beta Pictoris. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn kò ní bá tiwájú rìn, pílánẹ́ẹ̀tì ni yóò bá a rìn, tí yóò sì tún máa yí i ká. Àkókò nìkan ló lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, wọ́n tún wò ó, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ náà yọ padà, àmọ́ òdìkejì ìràwọ̀ ló ti yọ. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ kọjá. Èyí kì í ṣe àlejò tó ń kọjá lọ, ọmọ ilé ni. Nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀rí náà jáde lọ́dún 2010, kò sí ẹni tó tún jiyàn mọ́, Beta Pictoris b sì di ọ̀kan lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ jù lọ. Ó wúwo ju Júpítà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ láti Netherlands wo bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń yí padà níbi tí etí kan pílánẹ́ẹ̀tì náà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tí etí kejì ń sá lọ, wọ́n sì fi ìyẹn mọ bó ṣe ń pòòyì: wákàtí mẹ́jọ péré ni ọjọ́ kan níbẹ̀. Èkejì rẹ̀, Beta Pictoris c, sún mọ́ ìràwọ̀ jù ú lọ. Bí ó ṣe ń fa ìràwọ̀ náà síwá sẹ́yìn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n lọ́dún 2019, wọ́n sì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gan-an lọ́dún 2020 nígbà tí wọ́n so awò awọ̀nàjíjìn mẹ́rin pọ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan.

Ooru ọmọ tuntun

Ó yẹ ká béèrè ìdí tí a fi lè rí pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà tó báyìí, nígbà tí a kò lè rí irú ayé wa lọ́dọ̀ ìràwọ̀ tó ti dàgbà. Ní ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, Oòrùn mọ́lẹ̀ ju ayé lọ ní nǹkan bí ìlọ́po bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kóra jọ ṣì gbóná gan-an. Gbogbo gáàsì àti eruku tó já lù ú ló fi ooru wọn sílẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ń tú ooru náà jáde bí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, àmọ́ tí ẹ̀rọ lè rí. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ yìí, Beta Pictoris fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n apá ẹ̀rọ ká a. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń dàgbà ni ooru náà ń lọ, tó bá sì pẹ́ jù, yóò pòórá mọ́ wa lójú.

Afẹ́fẹ́ tiwa náà jẹ́ ìdènà. Òun ló ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Lórí òkè Paranal, wọ́n ní dígí tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan láti tún ohun tí afẹ́fẹ́ bá bàjẹ́ ṣe. Láìsí dígí yìí, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tí Lagrange rí ì bá ti túká mọ́ ara ìtànṣán ìràwọ̀.

Nígbà tí ìràwọ̀ bá tanni jẹ

Kì í ṣe gbogbo ìkéde ló já sí òótọ́, àwọn tó já sí irọ́ sì kọ́ wa ní púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, àwọn onímọ̀ kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì ràbàtà kan ń yí TW Hydrae ká ní gbogbo ọjọ́ 3.56. TW Hydrae kò tíì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún lọ. Wọn kò rí pílánẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ń fì, bí ẹni pé ohun kan ń fà á síwá sẹ́yìn.

Kò pé ọdún kan kí àwọn mìíràn tó tún un wò. Ìràwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé máa ń yára pòòyì, agbára òòfà rẹ̀ máa ń le, àbàwọ́n dúdú ńláńlá sì máa ń wà lára rẹ̀ níbi tí kò ti gbóná tó ìyókù. Bí ìràwọ̀ bá ń pòòyì, àbàwọ́n náà á wọlé lápá kan, á jáde lápá kejì, yóò sì dà bí ẹni pé ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fì. Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ń fa ìràwọ̀, bákan náà ni ìfì náà yóò rí nínú gbogbo irú ìmọ́lẹ̀. Bí àbàwọ́n bá ni, yóò dínkù nínú ìmọ́lẹ̀ ooru, nítorí níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín àbàwọ́n àti ara ìràwọ̀ kò ti pọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ooru, wọn kò sì rí ìfì náà. Àbàwọ́n ni, kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì.

Fomalhaut náà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 2008, wọ́n fi awò awọ̀nàjíjìn Hubble rí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan tó ń rìn lọ́dọ̀ ìràwọ̀ yìí, wọ́n sì pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì. Ó ń bá ìràwọ̀ náà rìn lóòótọ́, kì í ṣe ìràwọ̀ ẹ̀yìn. Síbẹ̀, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ó ń fẹ̀ sí i, ó sì ń ṣá. Pílánẹ́ẹ̀tì kì í túká. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Arizona fi hàn pé ó jọ ìkùukùu eruku tó jáde nígbà tí òkúta ńlá méjì forí sọra wọn. Kò sẹ́ni tó pàdánù níbẹ̀. A wá ọmọ lọ, a bá ibi tí àwọn ohun èlò ọmọ ti ń kọlu ara wọn, èyí tí kò rọrùn láti rí.

Èmi gbà pé irú àtúnyẹ̀wò báyìí ni ọlá iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń wá ohun tó fẹ́ràn kì í pẹ́ rí i níbi tí kò sí. Àwọn tó wọn TW Hydrae lẹ́ẹ̀kejì kò fi ṣe ẹlẹ́yà ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá ìgbẹ́kẹ̀lé sílẹ̀ fún gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tó dúró lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Ọmọ ìyá kan náà, AU Microscopii

Ìràwọ̀ kan tún wà tí wọ́n bí nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Beta Pictoris, tí wọ́n sì jọ ń gba ọ̀nà kan náà rìn ní òfuurufú. AU Microscopii ni. Ó fi ọdún ìmọ́lẹ̀ 32 jìnnà sí wa, ó kéré sí Oòrùn, ó sì pupa. Inú rẹ̀ kò balẹ̀ rárá: ó kún fún àbàwọ́n, iná sì máa ń bú jáde lára rẹ̀ léraléra.

Láti oṣù Keje ọdún 2018, TESS, awò awọ̀nàjíjìn tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òfuurufú lọ́dún yẹn, ń ṣọ́ ìràwọ̀ yìí fún nǹkan bí oṣù kan. Iṣẹ́ TESS ni kó máa wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á dínkù díẹ̀ nígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ AU Microscopii, ohun tí wọ́n ń wá kò ju ìdá kan nínú irinwó ìmọ́lẹ̀ náà lọ, bẹ́ẹ̀ àbàwọ́n àti ìbújáde iná ìràwọ̀ náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sókè sódò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. TESS rí ìdínkù náà lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ àlàfo wà láàárín àwọn méjèèjì tí TESS kò fi ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá pílánẹ́ẹ̀tì náà kọjá nígbà yẹn. Ọjọ́ 17 ni àbí ìdajì rẹ̀? Awò awọ̀nàjíjìn Spitzer, tó ti fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà: ọjọ́ 8.46 ni ó fi ń yípo. Lọ́dún 2020, Peter Plavchan àti ikọ̀ rẹ̀ kéde AU Microscopii b, tí ìtóbi rẹ̀ tó ti Néptúnì. Lẹ́yìn náà wọ́n tún rí òmíràn tó ń yípo ní nǹkan bí ọjọ́ 19.

Ohun tí Hubble wá rí lẹ́yìn ìyẹn ṣì ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tí AU Microscopii b ń kọjá, kò sí àmì pé gáàsì kankan ń bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wò ó ní nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, gáàsì háídrójìn ń tú jáde yẹ̀rì, ó tilẹ̀ ṣíwájú pílánẹ́ẹ̀tì náà lójú ọ̀nà. Ìtànṣán líle ìràwọ̀ náà ló ń gbé afẹ́fẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì ń ṣe é nígbà kan ju ìgbà kejì lọ.

Èyí ṣàlàyé ohun kan tó ti ń jẹ àwọn onímọ̀ lọ́kàn. Lọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ àgbà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ayé lọ tó sì kéré sí Néptúnì ló wọ́pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ Oòrùn wa kò ní ọ̀kankan. Láàárín wọn, àwọn tó fi ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì fẹ̀ ju ayé lọ ṣọ̀wọ́n. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gáàsì tó wú, tó gbóná. Àwọn kan di tiwọn mú, àwọn mìíràn pàdánù rẹ̀ títí tó fi ku òkúta lásán. Lọ́dọ̀ V1298 Tauri, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìnnà sí ti AU Microscopii, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló wà, gbogbo wọn ló sì wú ju ohun tí a sábà máa ń rí lọ́dọ̀ ìràwọ̀ àgbà lọ. Bí ó bá dà bí a ṣe rò, wọn yóò fọn.

Níbi tí ìbímọ ti ń lọ lọ́wọ́

Lọ́dún 2014, ALMA, awò awọ̀nàjíjìn tó ní eriali 66 lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ga ní nǹkan bíi mítà 5,000 ní Chile, ya HL Tauri. Òrùka lórí òrùka ló hàn nínú àwo eruku rẹ̀, àlàfo dúdú sì wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì tó ń kóra jọ ló ń gbá àlàfo náà. Ìràwọ̀ tí kò tíì tó mílíọ̀nù ọdún kan ti ń múra ilé sílẹ̀ fún ọmọ. Èyí yá ju bí ọ̀pọ̀ ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ọdún 2018 ni Miriam Keppler àti ikọ̀ rẹ̀ ní Heidelberg, Jámánì, wá fi ọmọ fúnra rẹ̀ hàn nínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ PDS 70, tó fi nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 370 jìnnà sí wa. Lọ́dún 2019, wọ́n rí èkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń tan irú ìmọ́lẹ̀ pupa kan tí háídrójìn máa ń tàn nígbà tó bá ń já wọlé gbóná-gbóná. Wọ́n ṣì ń jẹun lọ́wọ́. Lọ́dún 2021, ALMA fi hàn pé PDS 70 c ní àwo eruku tirẹ̀, tó fẹ̀ tó ìjìnnà tó wà láàárín Oòrùn àti ayé, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì tó láti dá òṣùpá mẹ́ta tó tó tiwa. Lọ́dún 2023, awò awọ̀nàjíjìn James Webb rí omi tó ti di afẹ́fẹ́ ní àárín àwo ìràwọ̀ náà, níbi tí pílánẹ́ẹ̀tì olókùúta ti lè kóra jọ. Bí òkúta bá ń di ayé níbẹ̀, omi ti wà nílẹ̀ dè é.

Lọ́dún 2024, Madyson Barber, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, ṣáájú ikọ̀ tó kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún lọ, tó ti ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ ká ní ọjọ́ 8.83. Nínú àkójọ TESS ni ó ti rí i.

Iṣẹ́ tó ju ọjọ́ ayé ẹnì kan lọ

Beta Pictoris b ń lo nǹkan bí ọdún 23 sí 24 láti yípo lẹ́ẹ̀kan. PDS 70 b ń lo nǹkan bí ọgọ́fà ọdún. Nínú gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ rí i, kò sí ẹni tí yóò wà láyé nígbà tí yóò padà sí ibi tí wọ́n ti bá a. Iṣẹ́ yìí kò lè jẹ́ ti ìran kan ṣoṣo, ẹni tó ń ṣe é lónìí ń ṣe é fún ẹni tí wọn kò tíì bí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka pípa àkọsílẹ̀ mọ́ sí apá tó níyì jù nínú iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2008, Christian Marois àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta hàn lọ́dọ̀ ìràwọ̀ HR 8799. Nígbà tí àwọn mìíràn padà sí àwòrán tí Hubble ti yà lọ́dún 1998, wọ́n fi ọ̀nà tuntun tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì bá ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀. Ó ti wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́wàá láìsẹ́ni tó mọ̀.

Àkójọ TESS wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè ìlú tí èèyàn ti wá. Ọ̀dọ́ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Pọ́tónófò tó ní kọ̀ǹpútà, tó mọ ìṣirò, tó sì ní sùúrù, lè ṣí ìwé ìmọ́lẹ̀ kan náà tí Barber ṣí. Ohun tó kù ni kí àwọn olùkọ́ wa fi irú iṣẹ́ yìí sínú ẹ̀kọ́, kí àwọn òbí má sì ka ẹni tó ń wo sánmà sí ẹni tó ń fi àkókò ṣòfò. Sánmà gúúsù tí Beta Pictoris wà hàn dáadáa láti ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù ni kò sì lè rí i láti ilé wọn. Ó yẹ kí orúkọ àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tí yóò wọn ìrìn àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yìí nígbà tí àkókò ìyípo wọn bá pé, kí wọ́n sì lè sọ, pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́, èyí tó jẹ́ ọmọ ilé àti èyí tó kàn ń kọjá lọ.